Olóòlà Tí Kò Fẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Ṣàn

Agboolé Olóòlà,
Lálúpọn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Muhsinah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ kú òtútù. Bàṣírù àbúrò rẹ ní yìnyín ń bọ́ lọ́hùn-ún, pé ṣọ́bìrì lẹ fi ń kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ṣé iṣẹ́ tó gbé ọ lọ nìyẹn? Ó ní rárá, arúgbó lò ń tọ́jú. Mo ní arúgbó ò kúkú tán ní Lálúpọn.

Má bínú pé mi ò gbé ìpè rẹ. O pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i. Láti oṣù kẹwàá tí ẹ̀gbà ti fọwọ́ bà mí ni ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu mi bí ẹni tó mu ẹmu yó, bẹ́ẹ̀ èmi Yésúfù ò tọ́ ẹmu wò rí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ohùn yẹn ni wàá máa rántí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò tíì gbádùn, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, ìdí nìyí tó fi dà bí ibi tí adìẹ walẹ̀ sí. Bàṣírù ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Tí o bá fẹ́ dá mi lóhùn, ìwé ni kí o kọ. Kifayah ìyàwó rẹ̀ yóò lọ tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi lẹ́bàá gáréèjì. Ìwé ṣeé tún kà.

Oògùn tí o fi rán ọmọ ará Ẹgbẹ́dà tó ń bọ̀ wálé ti dé ọwọ́ mi, páálí mẹ́fà. Mo dúpẹ́, Ọlọ́run yóò máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Ìbọ̀sẹ̀ náà dé. Ó nípọn púpọ̀. Ìyá rẹ ti fi ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, ó ní kò jó òun lọ́wọ́ rárá.

Ara mi ń le. Mò ń rìn dé mọ́sálásí láìmú ọ̀pá. Bàṣírù ló ń kọlà báyìí, èmi ni mò ń di ẹsẹ̀ ọmọ mú fún un. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé. Èmi kọ́ ló bèèrè o, òun ló ní kí n bèèrè.

Èmi bàbá rẹ,
Yésúfù.


Leeds,
Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo kí Màmá, mo kí Bàṣírù àti Kifayah. Ẹ kú ọyẹ́.

Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn pé ẹ ń dá rìn lọ sí mọ́sálásí. Ìbọ̀sẹ̀ kì í ṣe ti ìkòkò, Bàbá. Ẹ bá mi sọ fún Màmá.

Mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ sọ pé oògùn dé, ẹ ò sọ pé ẹ ń lò ó. Mo mọ̀ yín. Nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, tí ẹ bi mí pé ṣé mo ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ṣe wálé, tí mo ní ìwé náà wà nínú àpò mi, ẹ ní ìdáhùn lọ́yà nìyẹn. Ọjọ́ náà lẹ sì nà mí.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Dókítà kékeré tó tọ́jú yín n'Íbàdàn fi ẹ̀rọ wo ọkàn yín, ó rí i pé ó ń lù ségesège. Á sáré, á dúró, á tún fò. Ọkàn tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde tán, èyí tó bá ṣẹ́ kù sí kọ̀rọ̀ á wá dì. Ọjọ́ tí ègé rẹ̀ bá gbéra, tó gba ojú iṣan lọ sínú ọpọlọ, ẹ̀gbà nìyẹn. Ohun tó ṣe yín lóṣù kẹwàá nìyẹn. Oògùn yìí ni kì í jẹ́ kí òmíràn dì. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ ayé.

Ṣé ẹ ń lò ó? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́.

Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń bọ̀ lọ́dún yìí, tí ibi iṣẹ́ bá yọ̀ǹda mi.

Ọmọ yín,
Muhsinah.


Agboolé Olóòlà,
Lálúpọn.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Muhsinah,

Mo kí ọ kú ààwẹ̀. Ọjọ́ tí o fi ìwé rẹ ránṣẹ́ náà ló dé ọwọ́ mi. Mò ń ronú lé e lórí ni. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọpọlọ tí ẹ̀gbà bá ti fọwọ́ bà kì í ronú kíákíá.

Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìdáhùn tí o bèèrè nìyẹn. Kí n wá sọ ìdí rẹ̀.

Lóṣù kọkànlá, Bàṣírù gbé mi lọ sí ọsibítù kékeré kan tó wà lọ́nà ibí, nítorí pé Ìbàdàn jìn. Dókítà ibẹ̀ dàgbà dáadáa. Ó ka ìwé tí wọ́n fún mi n'Íbàdàn, ó mi orí. Ó ní ẹni tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tó ṣì ń lọ sóko, tó lè ṣubú nígbàkúgbà, oògùn yẹn yóò da ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ó ní ásípírìn kékeré tó mi. Dókítà méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Mo tẹ̀lé èyí tó ní irun funfun.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, o mọ iṣẹ́ mi. Àádọ́ta ọdún ni mo fi kọlà. Kò sí agboolé kan ní Lálúpọn yìí tí mi ò kọ ọkùnrin ibẹ̀ nílà, títí kan lèmọ́mù wa. Àdúrà tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: Ọlọ́run, jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Mo máa ń ṣe é kí n tó mú abẹ, mo tún máa ń ṣe é bí mo bá ń kán omi ìgbín sójú ilà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tètè dì ni ara rẹ̀ le, ohun tí àwa mọ̀ nìyẹn. Òun náà la fi tọ́ ọ. Ìwọ wá jókòó sí Ìlú Ọba, o ní kí n máa gbé ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mì. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Pẹ̀lú omi.

Èyí tó tún burú jù ni pé ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń dì mú lójú abẹ. Àwọn àgbà wa ní ohun tó bá wà lára olóòlà ló ń ràn mọ́ ojú ilà. Bí ẹ̀jẹ̀ tèmi bá ń ṣàn láìdúró, kí ni ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ yóò ṣe?

Ìyá rẹ kí ọ. Inú ń bí i pé mo gba ààwẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìdájí, ilé sì tutù.

Èmi bàbá rẹ,
Yésúfù.


Leeds,
Ìlú Ọba.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run tó ni ààwẹ̀ ti yọ̀ǹda aláìsàn. Ó jọ pé ẹ̀yin lẹ ò tíì yọ̀ǹda ara yín.

Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Mo sunkún díẹ̀ nílé ìdáná ibi iṣẹ́, mo nu ojú, mo lọ fún arúgbó kan lóúnjẹ.

Ásípírìn ò ká irú èyí, Bàbá. Ó lè da ẹ̀jẹ̀ lára yín bí oògùn tí mo fi ránṣẹ́, kò sì ní dá ẹ̀gbà dúró. Mi ò bú dókítà onírun funfun yẹn. Irú wọn pọ̀ níbí náà. Nọ́ọ̀sì àgbà wa ló là mí lójú. Ó ní bí wọ́n bá kọ oògùn yìí fún aláìsàn, tí ẹ̀jẹ̀ dà á, wọ́n á ní dókítà ló fà á. Bí wọn ò bá kọ ọ́, tí ẹ̀gbà wá gbé aláìsàn ṣánlẹ̀, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ara rẹ̀ ni dókítà ń bẹ̀rù fún. Ta ló wá ń bẹ̀rù fún yín?

Ó ní ìṣubú ni wọ́n máa ń fi ṣe àwáwí jù. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣubú láti ọdún tó kọjá?

Ní ti ọmọ tí ẹ ń dì mú, oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín kò lè gba àtẹ́lẹwọ́ yín bọ́ sára ọmọ. Bí ohun tó wà lára olóòlà bá ń ràn mọ́ ọmọ ni, gbogbo ọkùnrin Lálúpọn ni ì bá ti lágídí báyìí.

Níbo ni páálí mẹ́fà náà wà?

Ọmọ yín,
Muhsinah.


Agboolé Olóòlà,
Lálúpọn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Muhsinah ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún Ìtúnu tó kọjá.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣubú. Ìbọ̀sẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Páálí mẹ́fà wà nínú àpò abẹ mi, wọ́n pé.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, a ń ṣe àlùwàlá, mo bu omi sẹ́nu kí n fi fọ ẹnu, omi náà ń dà jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi. Mo fẹ́ bi Kàmọ́rù ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹnu mi ti yà sí apá òsì. Nígbà tí lèmọ́mù fi máa parí ìwàásù, ó ti padà sí àyè rẹ̀. Ìwàásù ọjọ́ náà gùn. Mo kírun tán, mo rìn wálé, mi ò sọ fún ìyá rẹ. Kàmọ́rù ló sọ fún un, ó sì sọ fún àwọn mìíràn. Mò ń sọ fún ọ kí Bàṣírù tó sọ ọ́.

Mo mọ ohun tí wàá wí. Kí o tó wí i, wá jókòó, kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí.

Lọ́dún 1991, wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti Ìjàyè pé kí n wá kọ ọmọ Àyàntúnjí nílà. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Abẹ mi mú, ọwọ́ mi mọ́, iṣẹ́ náà ò gbà ju kí ènìyàn pe orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ò dá. Mo kán omi ìgbín sí i, kò dá. Mo fi òwú tẹ̀ ẹ́, kò dá. Láti ìrun ọ̀sán títí di ìrun ìrọ̀lẹ́, mo ń pààrọ̀ òwú. Wọ́n ń wá ọkọ̀, wọn ò rí. Ìyá ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò tíì parí ni?" Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, ọmọ náà ti dákẹ́ lórí itan mi.

Àyàntúnjí bàbá rẹ̀ ò bú mi. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó bú mi. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé wọ́n máa ń bí àwọn ọmọ kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì, pé kì í ṣe ọwọ́ mi. Mo gbọ́. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé, mo ṣì ń gbọ́ obìnrin yẹn lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwọ ti rí ẹ̀gbà lára àwọn arúgbó rẹ. Èmi ti rí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, Muhsinah. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà onírun funfun. Mo kàn sá sábẹ́ rẹ̀ ni.

Èmi bàbá rẹ,
Yésúfù.


Leeds,
Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín lónìí. Mo kúnlẹ̀.

Mi ò mọ̀ rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí lọ́dún náà. Ohun tí mo rántí ò ju pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣu wá láti Ìjàyè, ẹ kì í jẹ ẹ́. Màmá á lọ se ẹ̀wà fún yín lọ́tọ̀. Mo rò pé iṣu náà ni ẹ ò fẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ó dùn mí pé ẹ̀yin nìkan lẹ ru ú láti ìgbà yẹn.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Oògùn yìí máa ń da ẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ imú, ó lè jẹ́ ìfun, ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń le. Ṣùgbọ́n kò sọ yín dà bí ọmọ yẹn. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni wọn ò bí mọ́ ọmọ yẹn. Tiyín wà lára yín, oògùn kàn ń dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni. Bí ẹ bá gé ara yín, yóò dá. Yóò kàn pẹ́ díẹ̀.

Arúgbó kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Dẹ́rẹ́kì, káfíńtà ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbà àkọ́kọ́ fọwọ́ bà á bó ṣe fọwọ́ bà yín, ó ṣì ń rìn, ó ń gbin òdòdó. Ọkàn rẹ̀ ń lù bíi tiyín. Wọn ò fún un lóògùn yìí, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Ìkejì wá dé. Ó ń wò mí, kò lè pe orúkọ mi, kò lè pe ti ara rẹ̀. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, mo sì ń nu ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń rí ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ṣíbí, Bàbá. Ọwọ́ mi ò gùn tó láti ibí dé Lálúpọn.

Ìkìlọ̀ ni ohun tó ṣe yín ní Jímọ̀ yẹn. Ẹ má kàn lọ ṣí páálí o. Ẹ jẹ́ kí Bàṣírù gbé yín padà lọ sọ́dọ̀ dókítà Ìbàdàn, kó yẹ kíndìnrín yín wò, kó sọ fún yín bí ẹ ó ṣe lò ó.

Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀jẹ̀ jù mí lọ. Èyí tó ń rìn àti èyí tó dúró sójú kan, èwo ló ń dì? Mi ò ní kọ̀wé mìíràn títí ẹ ó fi dáhùn.

Ọmọ yín,
Muhsinah.


Leeds,
Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo ní mi ò ní kọ̀wé. Mo ti kọ ọ́.

Mo kí yín, mo kí Màmá. Mo bi Bàṣírù pé báwo ni Bàbá, ó ní Bàbá wà. Mo ní kí ni Bàbá ń ṣe, ó ní Bàbá jókòó lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wo àgbò. Ṣé ìròyìn nìyẹn? Mo ní ṣé wọ́n ti lọ sí Ìbàdàn, ó ní wọ́n ní ó di lẹ́yìn Iléyá. Kí ni Iléyá fẹ́ bá ẹ̀gbà sọ?

Ẹ dákun, ẹ fi ọwọ́ òsì yẹn kọ ìlà kan péré sí mi.

Muhsinah.


Leeds,
Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Dẹ́rẹ́kì kú lánàá. Mo ní kí ẹ mọ̀ ni.

Ẹ kú ìmúra Iléyá.

Muhsinah.


Agboolé Olóòlà,
Lálúpọn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Muhsinah ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún, mo sì kí ọ kú ará fẹ́ra kù. Mo ṣàdúrà fún Dẹ́rẹ́kì. Mi ò mọ ẹ̀sìn tó ń ṣe, nítorí náà mo rọra ṣe é.

Ìbéèrè rẹ bí mi nínú. Ìbéèrè tó yẹ kí n dáhùn lórí ìjókòó ni, mi ò sì rí i dáhùn. Àádọ́ta ọdún ni mo fi wo ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dá. Mi ò ronú rí lórí èyí tó ṣì wà nínú ènìyàn. Ni mo bá ní kí n dúró de Iléyá. Mi ò ṣáà lè dúńbú àgbò ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ nítorí pé ọmọ mi béèrè ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, bí Bàṣírù ṣe dúńbú rẹ̀, mo gbe ẹ̀jẹ̀ sínú abọ́ méjì. Mo gbé ọ̀kan kalẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń fi ro ìkejì láìdúró. Ìyá rẹ jáde, ó ní, "Bàbá Muhsinah, kí lẹ̀ ń rò?" Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀! Lọ́jọ́ ọdún! Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" Mo ní ìbéèrè Muhsinah ni mò ń dáhùn. Ó sáré lọ pe Kàmọ́rù. Kàmọ́rù dé, ó bi mí pé kí lorúkọ mi, ọjọ́ wo la wà, ta ni lèmọ́mù wa. Mo dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì dá ìgbálẹ̀ dúró.

Èyí tí mo gbé kalẹ̀ dì kí wọ́n tó bó àgbò tán. Mo da abọ́ dojú dé, ó já bọ́ lódindi bí ẹ̀kọ. Èyí tí mò ń rò ń ṣàn bí omi, àwọn fọ́nrán funfun kan lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgbálẹ̀ bí òwú. Mo wá jókòó ti abọ́ méjèèjì. Ọkàn tó ń lù déédéé ló ń ro ẹ̀jẹ̀. Tèmi á rò ó díẹ̀, á gbàgbé, á tún rántí. Ìbéèrè rẹ dáhùn ara rẹ̀ níwájú mi, ojú sì tì mí pé ọwọ́ mi ló ti wà láti ọjọ́ yìí. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀meje. Ìyá rẹ ti sọ ìgbálẹ̀ náà nù, ó ní tuntun ni kí n lọ rà.

Bàṣírù gbé mi lọ sí Ìbàdàn lánàá. Dókítà kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kíndìnrín mi dára, kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí n fi ásípírìn sílẹ̀. Mo bi í pé bí mo bá gé ara mi ńkọ́. Ó ní kí n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, kí n dúró. Mo ní kí n dúró fún ìṣẹ́jú mélòó? Ó ronú, ó ní òun ò lè sọ iye kan pàtó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé kò purọ́.

Mo gbé hóró kìíní mì lálẹ́ àná, ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ìkejì mì láàárọ̀ yìí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo ní kí n sọ fún ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Yésúfù.


Leeds,
Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, obìnrin tó jókòó tì mí dìde lọ jókòó síbòmíràn.

Ọlọ́run yóò bá mi dá yín sí. Ẹ fi ẹ̀rù náà gbé e mì bẹ́ẹ̀, ẹ má fo ọjọ́ kan. Ẹ má mu àgbo kankan láìbi dókítà. Bí ẹ bá ṣubú tí orí yín sì kanlẹ̀, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Kifayah ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ wà níbẹ̀, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ilà sinmi oògùn, Bàbá. Ẹ má sì fọwọ́ kan abẹ.

Wọ́n ti yọ̀ǹda mi fún oṣù kejìlá. Ẹ sọ fún Màmá.

Ọmọ yín,
Muhsinah.


Agboolé Olóòlà,
Lálúpọn.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Muhsinah ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìròyìn ayọ̀. Kifayah bí ọkùnrin, a sọ ọ́ ní Safwan lọ́jọ́ Àìkú. Ó jọ ìyá rẹ níwájú orí, ó sì ti ń pariwo bíi tirẹ̀.

O ní kí n má fọwọ́ kan abẹ. Mo fọwọ́ kàn án.

Kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a kọ ọmọ nílà, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n sinmi oògùn. Mo mú hóró náà lọ́wọ́, ó pẹ́. Mo rántí abọ́ tí mo dà dojú dé. Mo gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n Bàṣírù kì í pọ́n abẹ dáadáa. Mi ò lè fi abẹ tí kò mú kan ọmọ ọmọ mi. Mo gbé òkúta lọ sẹ́yìnkùlé, mo ń pọ́n ọn, ọwọ́ ọ̀tún tí kò gbádùn yẹn yẹ̀, abẹ gé àtàǹpàkò mi. Ó wọlé díẹ̀.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, mo wo aago. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, mo ṣí i wò, ó ń ṣàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ní ìkẹwàá, ó ń ṣàn. Muhsinah, Ìjàyè ni mo wà. Mo ń rí òwú náà. Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé ohun tó pa ọmọ ọlọ́mọ lórí itan mi ni yóò pa èmi náà, kò sí ẹjọ́. Inú mi ò tiẹ̀ bàjẹ́. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò ṣí i wò mọ́.

Ìyá rẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Kò rí ọwọ́ mi. Ó ní, "Bàbá Muhsinah, wọ́n ń retí yín. Ṣé ẹ ò tíì parí ni?"

Mo ṣí aṣọ náà. Ó ti dá.

Mo ní mo ti parí. Ohùn mi ò jáde dáadáa, ó ní kí ni mo wí. Mo tún un sọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni. Bàṣírù yóò sọ ọ́ fún dókítà Ìbàdàn, nítorí mo bi í, kò mọ iye rẹ̀. Bàṣírù di ọwọ́ náà fún mi, ó bá mi jà díẹ̀, ọwọ́ òsì ni mo fi di ẹsẹ̀ Safwan mú. Bàṣírù ò sọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà dá kí n tó ṣe àdúrà bàbá mi tán. Nírọ̀lẹ́, mo gbé hóró tèmi mì.

Lánàá ìyá rẹ gún iyán. Mo bi í pé níbo ni iṣu náà ti wá. Ó ní Ìjàyè, ó ní òun ti fi ẹ̀wà kaná. Mo ní kó gbé iyán wá.

Bí o bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, màá gbé e. Ohùn náà ṣì wúwo.

Èmi bàbá rẹ,
Yésúfù.